Ẹ̀pà tó ti bu: ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ohun tí ọwọ́ wa ká

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa, ọjà Ara

   

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrín wa níbí. Ọ̀kan nínú wa, a ò ní dárúkọ rẹ̀, ra àpò ẹ̀pà méjì lásìkò òjò. Nígbà tó tú u, òkè dára, ìsàlẹ̀ dára, àárín ti bu. Ó ti mú àwọ̀ bí ewé, ó ń rùn bí aṣọ tí òjò pa tí wọ́n ká sílẹ̀. Owó àjọ ló fi rà á. Ó jókòó tì í, ó ń sunkún. Àwa àgbà tí a wà nítòsí, kí la sọ fún un? A ní, "Má sunkún mọ́, lọ yan án. Iyọ̀ àti iná ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Bí o bá sì fẹ́, pò ó mọ́ èyí tó dára." Ó ṣe bí a ti wí. Ẹ̀pà náà tà tán.

Ìmọ̀ràn tí a fún un lọ́jọ́ yẹn ló mú wa dìde sọ̀rọ̀ lónìí. A ò mọ ohun tí à ń sọ nígbà náà. Ní báyìí a ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, a sì ti mọ̀, ẹni tó bá sì ti mọ̀ kò lè ní òun ò mọ̀ mọ́.

KÍ NI BÍBU YÌÍ GAN-AN?

Bíbu kì í ṣe ìdọ̀tí lásán tí a lè fọwọ́ nù. Ohun abẹ̀mí ni. Ìbátan olú tí à ń wú nínú igbó ni, àmọ́ ó kéré débi pé ojú ò rí i, àyàfi tó bá ti pọ̀ tó fi bo nǹkan lára. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ pe èyí tí à ń sọ yìí ni Aspergillus flavus. Inú ilẹ̀ oko ló ń gbé. Bí ọ̀dá bá dá nígbà tí àgbàdo ń gbó, tàbí tí kòkòrò bá dá ihò sí i lára, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀pà, nítorí inú ilẹ̀ níbi tó ń gbé gan-an ni ẹ̀pà ti ń ta. Ó lè ti wọlé sára ọjà wa kó tó kúrò lóko. Tó bá wá dé ọ̀dọ̀ wa, tí ọjà náà ò gbẹ tó, tí a tún tò ó sí ibi tó tutù, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀.

Bó ṣe ń jẹun nínú àgbàdo àti ẹ̀pà, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ májèlé síbẹ̀. Májèlé yìí ni wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti dùn wá ni pé iná tí a fi ń yan ẹ̀pà, iná tí a fi ń po ògì, lè pa kòkòrò bíbu náà, àmọ́ kò lè mú gbogbo májèlé tó ti sọ sílẹ̀ kúrò. Fífọ̀ ò lè fọ̀ ọ́ tán. Sísá sóòrùn lẹ́yìn tó ti bu ò lè yọ ọ́. Ata àti iyọ̀ kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ kí ahọ́n má mọ̀ ni.

Ẹ lè ní, "Àwọn ìyá wa jẹ ẹ́, wọn ò kú." Òótọ́ ni, kì í sábà pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń lọ bá, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún. Ó wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, àgàgà lára ẹni tó bá ti ní àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B. Ẹ wo iye èèyàn tí inú rẹ̀ wú, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí a ní ayé ló ṣe é. A ò sọ pé ẹ̀pà ló pa gbogbo wọn o. A kàn ń sọ pé nǹkan tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú igbá tí à ń gbé ta.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, tó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, kì í dúró. Ní ọdún 2004, ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kenya, àwọn ará oko jẹ àgbàdo tó ti bu. Èèyàn 317 ni wọ́n kà pé ó ṣàìsàn, 125 nínú wọn kú. Àgbàdo lásán ni o, irú èyí tí à ń fi se ẹ̀kọ.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Benin àti Togo, níbi tí àwọn ará wa tó ń sọ Yorùbá wà. Ní ọdún 2002, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480, láti ọmọ oṣù 9 títí dé ọmọ ọdún 5. Nínú ọmọ 100, ẹ̀jẹ̀ ọmọ 99 ni wọ́n ti rí àmì májèlé yìí. Àwọn ọmọ tí tiwọn pọ̀ jù, wọ́n kúrú, wọn ò sì wúwo tó ọ̀gbà wọn. Ẹ rántí pé ògì ni à ń já ọmọ lẹ́nu ọmú sí. Ọ̀dọ̀ ta ni ìyá ọmọ ti ń ra àgbàdo tó fi ń ṣe ògì? Ọ̀dọ̀ wa ni.

Wọ́n máa ń ní abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí wọ́n bá dá ẹ̀pà tí èèyàn fẹ́ jẹ sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, tí májèlé yìí bá ju 4 péré lọ níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó wọ ọjà wọn. Ojú ò lè rí i, òṣùwọ̀n inú ọjà ò lè wọ̀n ọ́n.

ADÌẸ ŃKỌ́?

Ẹnìkan á ní, "Tí èèyàn ò bá lè jẹ ẹ́, ṣebí adìẹ lè jẹ ẹ́." Ẹ gbọ́ ohun tó jẹ́ kí ayé mọ májèlé yìí. Ní ọdún 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrín oṣù díẹ̀. Wọn ò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Wọ́n wádìí títí, wọ́n bá a nínú oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn: èérún ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀, tí wọ́n kó wá láti Brazil, tó sì ti bu. Ibẹ̀ ni orúkọ aflatoxin ti jáde. Ohun tó pa tòlótòló, ṣé adìẹ ẹ̀yìnkùlé wa ló máa dá sí? Màlúù tó bá sì jẹ ẹ́, májèlé á bá wàrà rẹ̀ jáde. Nítorí náà, èyí tó ti bu, ẹ má fún ẹran, ẹ má fún adìẹ.

ÀWỌN TÓ Ń BÁ A JÀ LÓKO

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀rọ̀, ẹ̀rọ̀ náà ò sì jìnnà. Ìbàdàn níbí ló wà, ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IITA. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ti Amẹ́ríkà rí i pé bíbu yìí ò rí bákan náà. Irú kan ń sọ májèlé, irú kan kì í sọ ọ́ rárá. Wọ́n wá irú tí kì í sọ májèlé nínú oko ilẹ̀ Nàìjíríà gan-an, wọ́n mú irú mẹ́rin. Wọ́n yan ọkà bàbà kó má bàa hù mọ́, wọ́n fi bíbu rere yìí bò ó lára, wọ́n fún un ní àwọ̀ búlúù kí èèyàn má bàa ṣì í jẹ. Orúkọ rẹ̀ ni Aflasafe.

Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sí oko lẹ́yìn òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 kí àgbàdo tó yọ irùkẹ̀rẹ̀ tàbí kí ẹ̀pà tó tanná. Kílò 10 ni fún hẹ́kítà kan, ìyẹn bí i kílò 4 fún éékà kan. Ṣé ẹ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo ọjà. Ẹni tó bá tètè dé tó tẹ́ ọjà rẹ̀ sójú ìsọ̀, ẹni tó dé lẹ́yìn ò ní ráyè, á wá ibòmíràn lọ. Bíbu rere ló ń tètè gba ìsọ̀ mọ́ bíbu búburú lọ́wọ́. Àwọn tó dán an wò rí i pé nínú májèlé 100 tí ì bá wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà, ó ń dín 80 kù, nígbà mìíràn ó ń dín in kù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. NAFDAC fún un ní ìwé àṣẹ ní kíkún ní ọdún 2014. Ilé-iṣẹ́ aládàáni nílẹ̀ wa náà sì ti gba iṣẹ́ ṣíṣe rẹ̀.

Ẹ lè ní àgbẹ̀ nìyẹn kàn, kò kàn wá. Ó kàn wá o. Ẹni tó ń ra ọjà ló ń sọ irú ọjà tó fẹ́. Bí gbogbo wa bá ń bi àwọn tó ń kó ẹ̀pà àti àgbàdo wá pé, "Ǹjẹ́ wọ́n fi Aflasafe sí oko yìí? Ṣé orí tapólì ni wọ́n sá a sí, àbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀?", wọ́n á mọ̀ pé ojú wa ti là. Ẹnu ẹnìkan ò tó, ẹnu ẹgbẹ́ ló tó.

ÈÈPO OBÌ TÍ À Ń DÀ NÙ

Ẹ̀yin olóbì, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Èèpo ńlá tí obì ń wà nínú rẹ̀ látoko, tí à ń kó dà sí ààtàn, àwọn kan ti rí nǹkan fi í ṣe. Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi omi gbígbóná fa oje èèpo náà jáde, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n pò ó mọ́ omi tí wọ́n yọ́ èròjà fàdákà sí. Omi náà yí àwọ̀ padà, ó ṣókùnkùn. Fàdákà inú rẹ̀ ti di wẹ́wẹ́, ó kéré ju ohun tí ẹnu lè ròyìn lọ. Irú iṣẹ́ nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní náánò. Ẹ pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni náánòmítà. Irun orí wa kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí 80,000 rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin alátà ló lè dáhùn. Ẹ ju ata kan lódindi sínú ìkòkò ọbẹ̀, ẹ tún lọ ata kan náà kúnná sínú òmíràn. Ṣé bákan náà ni wọ́n á ṣe ta? Èyí tí a lọ̀ á dé ibi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ náà ni fàdákà tó di náánò ṣe ń kan kòkòrò àìfojúrí lára níbi gbogbo, tí díẹ̀ á fi ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: wọ́n po fàdákà èèpo obì yìí mọ́ ọ̀dà ilé, àwọn kòkòrò àìfojúrí àti bíbu tí wọ́n fi dán an wò kò lè hù nínú ọ̀dà náà. Ọ̀kan nínú bíbu tó dí lọ́wọ́ ni Aspergillus flavus, ọ̀tá ẹ̀pà wa tí à ń sọ láti àárọ̀. Wọ́n fi èèpo kòkó ṣe irú rẹ̀ náà, wọ́n fi òwú aláǹtakùn ṣe é.

Níbòmíràn láyé, àwọn onímọ̀ ń dán an wò bí wọ́n á ṣe fi irú nǹkan báyìí bo irúgbìn lára kí wọ́n tó gbìn ín, tàbí kí wọ́n wọ́n ọn sí ewé, kí oògùn díẹ̀ lè tó fún oko tí à ń da oògùn púpọ̀ sí. Àwọn kan ń fi èèpo edé àti akàn ṣe tiwọn. A dúpẹ́ fún wọn. Àmọ́ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ ni èyí jẹ́. Fàdákà tó bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀ lè pa kòkòrò rere tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá mọ́ búburú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rọra ṣe é.

Ọ̀RỌ̀ Ọ̀PỌ̀LỌ́ ÀTI TÀTÀSÉ

Nǹkan kékeré kejì tó tún ń bá àrùn jà wà nínú ara ẹ̀dá gan-an. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Michael Zasloff, ń fi ọ̀pọ̀lọ́ inú omi kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìwádìí. Á là wọ́n, á rán wọn, á dá wọn padà sínú omi tó dọ̀tí. Ó wá ṣàkíyèsí pé ojú ọgbẹ́ wọn kì í kẹ̀. Tèmi tìrẹ, tí a bá gbé ọgbẹ́ wọ irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1987 ó kéde ohun tó rí: awọ ara ọ̀pọ̀lọ́ náà ń sun èròjà kéékèèké kan tó ń dá ara kòkòrò àìfojúrí lu. Peptide ni wọ́n ń pe irú èròjà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́ nìkan ló ní irú ohun ìjà yìí. Ara èèyàn ní tirẹ̀, ewéko náà ní tirẹ̀.

Tàtàsé tí à ń tà níbí wà lára ewéko tó ní irú ohun ìjà inú ara. Ní Uganda, ní ọdún 2001, àrùn kan wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ewé á pọ́n, á rọ, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ á jẹrà sórí igi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ni oúnjẹ wọn bí iṣu ṣe jẹ́ tiwa. Àwọn onímọ̀ IITA àti ti ìjọba ibẹ̀ mú àbùdá tó ń ṣe èròjà ìdáàbòbò nínú tàtàsé, wọ́n fi sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ọdún 2010 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín sí oko ìdánwò. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àrùn náà kàn án, àwọn kan nínú rẹ̀ ò ṣàárẹ̀ rárá.

Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n ń wá kiri, inú ọjà wa ló pọ̀ sí: obì, kòkó, edé, tàtàsé. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí a ní ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ náánò àti peptide yìí, ilé ìwádìí àti oko ìdánwò ni a ti gbọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò wá sọ́jà lọ́la, tó ní oògùn náánò nìyí, ẹ wọ́n ọn sí ẹ̀pà yín kò ní bu mọ́, ẹ bi í léèrè nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ ní kó fi ìwé tó sọ pé a lè fi í sí oúnjẹ hàn yín. Bí kò bá ní in, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ ìyálọ́jà. A ti fi irú ojú bẹ́ẹ̀ rí nǹkan rí, ọ̀rọ̀ ọ̀tapiapia àti ẹ̀wà ò tíì tán nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́, torí ilé ara wa la wà. Kòkòrò ń jẹ ẹ̀wà, àwọn kan nínú wa ń da oògùn apakòkòrò tó ní dichlorvos sí i. Ní ọdún 2015, ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà Nàìjíríà nítorí rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè ni 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Ohun tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa lọ láti 0.03 títí dé 4.6. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, mílílítà 100 sí ìsàlẹ̀, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń mu ún pa ara wọn àti bí a ṣe ń dà á sí oúnjẹ. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Kòkòrò tí a fi májèlé pa nínú ẹ̀wà, májèlé náà ò bá kòkòrò lọ.

OHUN TÍ ỌWỌ́ WA KÁ

1. Ẹ yẹ ọjà wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àpò, ẹ má wo òkè nìkan. Ẹ gbóòórùn rẹ̀.

2. Ẹ fi iyọ̀ dán an wò. Ẹ wá ìgò tó gbẹ dáadáa, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sí i, ẹ da àgbàdo náà lé e, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ gbé e sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà ṣì tutù, ẹ má tò ó sínú àpò. Bí iyọ̀ bá wọ́ lọ sísàlẹ̀ ìgò, ó ti ń gbẹ. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

3. Ẹ sá a sórí tapólì tàbí ẹní, ẹ má sá a sórí ilẹ̀. Ilẹ̀ ni ilé bíbu, a ti sọ ọ́ ṣáájú.

4. Ẹ to àpò sórí pákó, kó má kan sìmẹ́ǹtì, kó má fara ti ògiri. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn ráyè kọjá. Ẹ wo òrùlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

5. Ẹ̀wà àti àgbàdo tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú pẹ́, ẹ ra àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS. Ọ̀rá méjì ló wà nínú, àpò tó nípọn ló wà níta. Ẹ máa so ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́nu pinpin. Atẹ́gùn ò ní wọlé mọ́, kòkòrò inú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀, láìsí oògùn. Àmọ́ ohun tó ti gbẹ dáadáa nìkan ni kẹ́ ẹ kó sí i o.

6. Ẹ ṣa á. Ẹ̀pà tó bu, tó ti dúdú, tó hunjọ, tí kòkòrò ti dá ihò sí, ẹ fọwọ́ ṣà á kúrò kí ẹ tó yan án. Àwọn tó ṣèwádìí sọ pé ibi ìwọ̀nba ẹ̀pà tó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé máa ń wà. Ọwọ́ tó ń ṣa ẹ̀pà ń gba ẹ̀mí là.

7. Èyí tí a ṣà kúrò, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ẹ má lọ̀ ọ́ ṣe kúlíkúlí, ẹ má tà á fún ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́.

Ẹ̀BẸ̀ TÍ A BẸ ẸGBẸ́

A mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ ń sọ pé, "Akọ̀wé, ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ta ló máa san owó àpò tí mo bá rì mọ́lẹ̀?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò sì yẹ ká fi ìwàásù dá a lóhùn. Ẹni tó fi owó àjọ ra ọjà, tí ọmọ rẹ̀ ń retí owó ilé-ìwé, kò lè rọrùn fún un láti da àpò ẹ̀pà nù. Àìní ló ń mú wa pò ó. Kì í ṣe pé a jẹ́ èèyàn burúkú.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la gbé ka iwájú ìpàdé yìí. Àkọ́kọ́, kí ẹgbẹ́ máa yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó ìpàdé, kí a fi í sọ́tọ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá bu, kó gbé e wá kí àwọn olórí ìsọ̀ rí i, kí a jọ rì í mọ́lẹ̀, kí ẹgbẹ́ sì fún un ní ìdajì owó rẹ̀. Ìkejì, kí ẹgbẹ́ jọ ra tapólì àti pákó, kí ẹni tí kò ní lè máa yá a lò. Ìkẹta, kí ó di òfin ọjà yìí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ po èyí tó bu mọ́ èyí tó dára, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ da ọ̀tapiapia sí ẹ̀wà. Ẹni tó bá rí i tó dákẹ́, kó jẹ̀bi bí ẹni tó ṣe é, nítorí àwa náà dákẹ́ lọ́jọ́sí.

Ẹ̀pà tí a ní kí ọmọbìnrin yẹn yan lọ́jọ́ náà, ta ló jẹ ẹ́? Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń kọjá ra nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ẹdẹ àti Òṣogbo ra nínú rẹ̀. Àwa gan-an, ó bu fún wa, a jẹ, a tún gbé e lọ fún àwọn ọmọ wa nílé. A ò lè gbà á padà lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ pé a gbà á ní ìmọ̀ràn òdì, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọjà.

Àpò tó ń bọ̀ ló kù sí wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá fara mọ́ ohun mẹ́ta yìí, kó na ọwọ́ rẹ̀ sókè kí a lè kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó dìde kó sọ tẹnu rẹ̀, a ó gbọ́.

Ọlọ́run á bù kún ọjà wa. Ohun tí a tà fún ọmọ ọlọ́mọ, á ṣe ara wọn lóore. 

Akọ̀wé Ẹgbẹ́
Fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ọjà Ara